Ohùn Màmá Tíṣà Nínú Géèmù

Bí Oyèdélé bá ti jí ní agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, kò sí ẹni tí kì í mọ̀. Kì í ṣe pé ọmọkùnrin náà ń pariwo. Ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Tíṣà, ló ń bá a pariwo. Bó bá ti wọ yàrá ìyá àgbà náà láràárọ̀, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, tó ní "Ẹ káàárọ̀, mà," ìyá á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, á gbé ohùn sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Àjàní o!
Ọmọ a-jí-bomi-tútù-fálejò.
Ọmọ a-gòkè-Màpó-má-wẹ̀yìn.
Ọmọ a-fọwọ́-ọ̀tún-gbé-ẹni-tó-ṣubú.
Dìde, Àjàní mi, ayé ń dúró dè ọ́."

Títí ìyá yóò fi dé orí "dìde," Oyèdélé kò ní gbé àyà kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn, torí Màmá ló tọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, nígbà tí iṣẹ́ gbé bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Ìyá náà ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi títí irun rẹ̀ fi funfun, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ orí ti jẹ eékún rẹ̀, ó ti jẹ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá ń ki Oyèdélé, àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójúde á dá ọwọ́ dúró, wọ́n á ní, "Ọkọ wa ti jí o." Nígbà kan, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún un pé oríkì kíkì kò yẹ onígbàgbọ́. Màmá ní Ọlọ́run tó mọ orúkọ òun kò ní bínú pé òun mọ orúkọ ọmọ òun. Alàgbà gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ènìyàn. Ẹni tí oúnjẹ kò tíì kan ẹnu rẹ̀ láti àná á gbọ́ ọ, orí rẹ̀ á wú, á máa rìn bí ẹni tó ni títì. Oyèdélé kò mọ bí àárọ̀ ṣe ń rí fún ẹni tí wọn kì í kì.

Iṣẹ́ tí Oyèdélé ń ṣe nìkan ni àwọn ará ilé ò lè ṣàlàyé fún àlejò. Géèmù ló ń ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Abdulmumin, ni wọ́n jọ ń lo yàrá kan nísàlẹ̀ ilé àwọn Abdulmumin ní Ọjà'ba. Abdulmumin ló ń ya àwòrán, òun náà ló ń bá kọ̀ǹpútà sọ èdè tó ń gbọ́. Oyèdélé ló ń kọ ìtàn. Wọ́n pe géèmù náà ní "Àjàní Òkè Màpó," torí pé nígbà tí Oyèdélé ń wá orúkọ fún akọni, oríkì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Àjàní inú géèmù jẹ́ ọmọkùnrin kan tó sá òjò lọ sábẹ́ àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó. Àrá sán, kò pa á, agbára ló fún un. Láti ọjọ́ náà, ó lè fò láti orí páànù ilé kan sí ìkejì, ó lè fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀, ó sì lè na àtẹ́lẹwọ́ síwájú omi Ògùnpa kí omi náà dúró. Bó o bá ń gbá a, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ ibi tí wàá lọ fún ọ. Bó bá wù ọ́, gun Màpó. Bó bá wù ọ́, wọ inú kọ̀rọ̀ Ọjà'ba, tàbí kó o dúró sáàárín Bẹẹrẹ kí àwọn ọlọ́kadà máa ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n ibikíbi tó o bá yà sí, nǹkan á ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ, géèmù á sì bi ọ́ pé, "Kí ni wàá ṣe?" Ilé ń jó: ṣé wàá pa iná ni, àbí wàá fa agbára iná náà sára kí ilé jó lọ? Bó o bá ṣe rere, ìborùn Àjàní á máa funfun. Bó o bá ṣèkà, á máa pọ́n bí epo. Ọ̀nà méjèèjì ló ní agbára tirẹ̀, torí ẹni tó ń ṣe géèmù kì í fẹ́ lé oníbàárà kankan.

Gbogbo "kí ni wàá ṣe?" tó wà níbẹ̀, Oyèdélé ló kọ ọ́. Ó gbádùn kíkọ wọn. Ó rọrùn láti bi ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ gbá, àwọn ọ̀rẹ́ yìn ín, ṣùgbọ́n bí ẹní ń yin ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kò wọ àwọn lára. Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèdélé. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó wà lórí sìmẹ́ǹtì níwájú Màmá, tí ìyá ń kì í, tí orí rẹ̀ sì wú bó ṣe máa ń wú. Ó kàn là sí i lọ́kàn pé ohun tí Àjàní kò ní nìyí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó wọlé lọ kí ìyá, ó tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn, ó fi sí àpò bùbá. Màmá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò mọ̀ pé ẹlòmíì ń gbọ́. Ó kì í dáadáa lọ́jọ́ náà, torí ó sùn dáadáa. Oyèdélé dìde, ó dúpẹ́, ó jáde, ó tún un gbọ́ lẹ́yìn ilé. Ó mọ́ kedere. Ó lè padà wọlé kó sọ fún un. Ìyá ṣì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ó ní òun á sọ tó bá yá, ó sì gba Ọjà'ba lọ.

Nígbà tí Abdulmumin gbọ́ ohùn náà, ara rẹ̀ bù máṣọ. "Ah, Délé! Ìwọ ni wọ́n ń ṣe báyìí fún láràárọ̀?" Ó fi ohùn náà sínú géèmù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹni tó ń gbá a bá ti ṣe rere tó tó, ojú ọ̀run á ṣí, ohùn Màmá á sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Màpó, "Àjàní o!", agbára á sì kún ara akọni. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ní kò wọ àwọn lára tún un gbá. Wọ́n kọ̀, wọn ò fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ mọ́.

Ibi tó yẹ kó mọ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbá ọ̀nà pupa, ọ̀nà ìkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọ́n ṣojúsàájú. Kí ló dé tí wọ́n ń ki ẹni ire, tí wọn kì í ki àwọn? Oyèdélé ní kí Abdulmumin fi ohùn náà sí ọ̀nà pupa pẹ̀lú.

Abdulmumin gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Kí Màmá máa ki ẹni tó ń ṣèkà?"

"Géèmù ni, Mumini."

"Wọ́n mọ̀ sí i?"

"Wọ́n máa mọ̀ tó bá yá."

"Wàláì, èmi ò lè ṣe é fún ìyá mi."

"Kì í ṣe ìyá tìẹ," ni Oyèdélé wí. "Ìyá tèmi ni."

Abdulmumin wò ó, ó dá ọwọ́ padà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣe é.

Ká má purọ́, géèmù náà tà. Ó ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, ó dé Mọ́kọ́lá, ó dé Challenge, àwọn ọmọ yunifásítì náà ń gbá a. Ní Bẹẹrẹ, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláṣadé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbá géèmù, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kalẹ̀, ó so spíkà mọ́ ọn. Ariwo Àjàní ló gba ìta kan. Oyèdélé máa ń yà síbẹ̀ lọ́sàn-án, á jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń sinmi, á máa fi etí jẹ ìyìn.

Oníbàárà tó ń gbá a jù níbẹ̀ ni Joseph, ọlọ́kadà kan, àgbà ọkùnrin tó ti bí méjì. Bí èrò bá ti dínkù, á gbé ọ̀kadà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, á di páàdì tí wọ́n fi ń gbá a mú. Ọ̀nà pupa ni Joseph ń tọ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo wọn ni. Wọ́n ti ń ṣe sùúrù fún èrò láti àárọ̀, wọ́n ti ń bẹ ọlọ́pàá, wọ́n ti ń sọ "ẹ má bínú" fún ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Kò sí èyí tó fẹ́ wá ṣe rere sí i nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ibì kan wà nínú géèmù náà tí ìyá àgbà kan ti ń gun àtẹ̀gùn Màpó pẹ̀lú àpò gàárì lórí. Ó kọsẹ̀, ó ṣubú. Kí ni wàá ṣe? O lè gbé e dìde. O sì lè fa ìwọ̀nba agbára tó kù lára rẹ̀ sára tìrẹ, kó o lè fò kọjá Ògùnpa lẹ́ẹ̀kan. Oyèdélé ló kọ ọ́. Nígbà tí Abdulmumin bi í pé báwo ni kí òun ṣe ya ìyá náà, ó ní kó fún un ní gíláàsì ojú àti gèlè funfun, torí bí wọ́n bá ní kí ó ronú ìyá àgbà, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Nígbà àkọ́kọ́ tó rí Joseph tó fa agbára ìyá náà, tí ìyá rọ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ohùn Màmá sì sọ̀kalẹ̀ lókè pé "ọmọ a-fọwọ́-ọ̀tún-gbé-ẹni-tó-ṣubú," Oyèdélé yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó tún yí i padà. Joseph sì fò sókè lórí bẹ́ńṣì, ó ń pariwo pé, "Wọ́n tún kì mí o!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà ti ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sílé, Bíbélì lábẹ́ abíyá. Oyèdélé wà nínú ṣọ́ọ̀bù Fọláṣadé. Joseph ṣẹ̀ṣẹ̀ fa agbára ìyá àgbà náà tán. Spíkà ké, "Àjàní o!" Ìyá tó ń kọjá lọ lóde dúró. Ó yí padà. Ó rọra rìn wá sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n pè.

Oyèdélé rí i. Ẹ wò ó, ó lè dìde. Ó lè dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ kó ní "Màmá, ẹ kú ìrìn." Kàkà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n, tó ti ń pe ara rẹ̀ ní olóye géèmù, bẹ́ sábẹ́ tábìlì tí tẹlifíṣọ̀n wà lórí rẹ̀, ó ká bí ológbò tó jí ẹja jẹ. Fọláṣadé wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ẹ káàsán, mà," ni Joseph wí láìgbójú kúrò nínú géèmù.

"Káàsán." Màmá ń wo ìyá onígèlè funfun tó rọ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohùn rẹ̀ ń kì lọ lókè, kò tíì dé "dìde." "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Fọláṣadé rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ni," ni Màmá tún un wí. Ó dúró títí oríkì náà fi parí, ó gbé Bíbélì rẹ̀ sí abíyá kejì, ó sì lọ.

Oyèdélé kò jáde kúrò lábẹ́ tábìlì bọ̀rọ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìyá rí òun. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè rí òun. Ojú Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Oyèdélé. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ń retí ọwọ́ ìyá lẹ́yìn. Kò dé. Ó gbọ́ tí Màmá ń ṣí Bíbélì. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ìtìjú fi bá a, ó wá fúnra rẹ̀ dìde, láìsí ẹni tó ní kó dìde. Nígbà tó jáde, àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọkọ wa, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni? A ò gbọ́ yín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sáré kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Màmá kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún un kó tó jáde. Oríkì nìkan ni kò sí. Oyèdélé kò lè béèrè, torí kò sí bó ṣe lè béèrè tí kò ní jẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀ pé ọ̀fun ló ń dun ìyá. Ó ra oyin gidi ní Ọjà'ba, ó gbé e fún un. Màmá dúpẹ́, ó fi jẹ búrẹ́dì, ó ní oyin náà dùn.

Oyèdélé wá mọ bí àárọ̀ ṣe ń rí fún ẹni tí wọn kì í kì. Ó ń rìn gẹ̀gẹ́rẹ́ Màpó, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Kò jọ ọ́ pé ayé ń dúró dè é.

Ó ní kí Abdulmumin yọ ohùn náà kúrò nínú géèmù pátápátá, ní ọ̀nà pupa àti ọ̀nà funfun. Abdulmumin kò sọ pé "ṣé mo wí." Ọmọlúàbí ni. Ó yọ ọ́ kíákíá, ó ní, "Ṣùgbọ́n, Délé, èyí tó ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn, a ò lè lọ yọ ọ́ níbẹ̀ o." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bí fífọ́ náà ṣe pọ̀ tó, Oyèdélé kò mọ̀ títí ó fi gun ọ̀kadà Joseph láti Ọjà'ba. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ, fóònù Joseph dún ní àpò àyà rẹ̀. "Àjàní o! Ọmọ a-jí-bomi-tútù-fálejò..." Joseph ti gé e, ó ti fi ṣe ohùn ìpè. Oyèdélé di ọ̀kadà mú gírígírí bí ẹni tó fẹ́ já bọ́.

"Brọ̀dá Joseph, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Joseph dúró lẹ́bàá títì. Oyèdélé bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ohùn náà kúrò lórí fóònù. Ó ní ìyá òun ni. Joseph kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe àwàdà. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà.

"Ìyá yín lẹni tó ń ṣe báyẹn?" ni Joseph wí. Ó ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, brọ̀dá. Ibi tí èmi ti dàgbà, kò sí ẹni tó kì mí rí. Ìyá mi tètè kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbà mí tọ́, 'ìwọ' ló ń pè mí. Bí èrò bá bú mi tán láàárọ̀, tí ìyá yẹn bá ní 'Àjàní,' mo máa ń ṣe bí ẹni pé èmi ni." Ó fi fóònù sápò. "Èmi ò mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni í."

Kò yọ ọ́, Oyèdélé náà kò lè fi ipá mú un. Ó san owó, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kó tó dé Bẹ́yẹrúnkà ni omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti rò pé ohun kan ṣoṣo lòun jí, ohùn ìyá òun. Ó wá rí i pé òun ti mú oúnjẹ ẹni kan fún ẹni tí ebi ń pa, òun sì fẹ́ lọ gbà á padà lẹ́nu rẹ̀.

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Oyèdélé kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Gbé e wá kí n rí i," ló wí.

Oyèdélé gbé fóònù fún un, géèmù ti àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Màmá nu ọwọ́, ó wọ gíláàsì. Tíṣà ni, kò lè gbé ohun tí kò yé e dání láìbéèrè.

"Èyí ń kọ́?" Ó na ìka sí àmì kan lójú fóònù.

"Ó fi ń fò, mà."

"Èyí?"

"Ó fi ń jà, mà."

"Èyí tó rí róbótó?"

"Ó fi ń gbé nǹkan, mà."

"Èwo ló fi ń kí èèyàn?"

Oyèdélé wo fóònù náà bí ẹni tí kò rí i rí. "Kò sí, mà."

"Ta ni mo wá ń kì?" ni Màmá béèrè. "Ẹni tí kò kí mi káàárọ̀, tí n kò gbọ́wọ́ lé, tí n kò rí ojú rẹ̀, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọ mi ni?"

Ó ń rin Àjàní lọ tàgétàgé, ó ń fi í kọlu ògiri, títí ó fi dé àtẹ̀gùn Màpó. Ìyá onígèlè funfun ṣubú. Kí ni wàá ṣe? Oyèdélé rò pé á gbé e dìde. Màmá fi ìka tẹ ọ̀nà pupa. Ìyá rọ sílẹ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ lókè. Màmá gbọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mira.

"Ohùn mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò béèrè lọ́wọ́ mi."

"N ò béèrè, mà."

"Kí ló dé?"

Ìdáhùn púpọ̀ ló wà. Ó lè ní òun gbàgbé. Ó lè ní òun rò pé inú wọn á dùn. "Mo mọ̀ pé tí mo bá béèrè," ni Oyèdélé wí, "ẹ máa bi mí pé kí ni ọkùnrin inú géèmù yẹn fẹ́ fi agbára náà ṣe. N ò fẹ́ kí ẹ bi mí."

Màmá bọ́ gíláàsì. Ó dá fóònù padà. "Mo rí ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ tábìlì. Sálúbàtà tí mo rà fún ọ nígbà Kérésì ló wà níbẹ̀." Ó gbé àwo ẹ̀wà lé itan. "Ohùn tó o mú dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé o sá fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ kì ọ́. Mo lanu, mo rántí ẹsẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ò jáde."

Oyèdélé dojú bolẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ Joseph fún un, àti ohun tí Joseph sọ létí títì.

"Ọmọ ta ni?" ni Màmá béèrè.

"N ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀, o sì ń gun ọ̀kadà rẹ̀. Lọ mú un wá."

Joseph wá ní ìrọ̀lẹ́, ó di fìlà mọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ fóònù rárá. Ó bi í ní ìlú bàbá rẹ̀, ó bi í ní agbo ilé ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá àkọ́bí ni tàbí àbíkẹ́yìn. Ìyá tó ti kọ́ ọmọ gbogbo ìlú kò ní ṣàìmọ oríkì ilé onílé. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀. Joseph dọ̀bálẹ̀ lójúde, Màmá gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì gbé ohùn sókè. Àwọn obìnrin ilé jáde síta, ọ̀kan pàtẹ́wọ́. Màmá dé "dìde," Joseph kò dìde. Ó dojú bo sìmẹ́ǹtì, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó wá jókòó, kò sí ẹni tó rán an létí; òun fúnra rẹ̀ yọ fóònù, ó pa ohùn ìpè yẹn rẹ́.

Oyèdélé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn fún Joseph, ó sì ń jowú rẹ̀, ìtìjú owú náà sì tún bá a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ yàrá Màmá, ó dọ̀bálẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tutù.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Màmá wo àpò bùbá rẹ̀. "Fóònù rẹ dà?"

"Ó wà ní yàrá mi, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

Ó dá a lójú. Síbẹ̀ ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ló béèrè, ìbéèrè náà sì tọ́ sí i.

"Ó dá mi lójú, mà."

Màmá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, eékún rẹ̀ ń dún. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ó lọ ti fèrèsé tó kọjú sójúde, èyí tí wọn kì í tì láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló padà wá, ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó tẹ̀ba títí Oyèdélé fi ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí.

"Àjàní," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó kì í tán, kò fo ìlà kankan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin ilé ń gbálẹ̀ lọ, kò sí èyí tó dá ọwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé Oyèdélé ti jí.